Ọwọ́ Ẹbu

Ẹ fà mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ẹ sún àpótí yẹn sábẹ́ òjìji, kí ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀ títí a ó fi jẹ ẹ̀pà yìí tán. Mi ò ní kánjú, ẹ̀yin náà ẹ má kán mi lójú. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọwọ́ la fi ń jẹun, òun la fi ń kí ara wa, òun náà la fi ń bojú nígbà tí ìtìjú bá dé. Ó ní ọdún kan tí mo fẹ́ fi ọwọ́ bojú, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀hún gan-an ni ohun tí mò ń tijú.

Nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó síbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá ní òpópónà kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í han, ojú mi á ṣí sílẹ̀ ṣùgbọ́n mi ò ní rí yín mọ́. Ẹbu ni mo máa ń rí. Ẹ̀yin ò bá ẹbu. Ẹbu ni ibi tí àwọn obìnrin ti ń péjọ ṣe gàrí. Tiwa wà lẹ́yìn Ìmùṣin, lẹ́bàá odò kékeré kan tó mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àtíbàbà gígùn ni, imọ̀ ọ̀pẹ la fi bò ó, èéfín sì ti pa imọ̀ náà dúdú bí ẹni pa á láró. Bí ìkùukùu àárọ̀ bá ṣì wà lórí odò, ẹ ó ti máa gbọ́ ọ̀bẹ lára èèpo, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀, bí ẹyẹ tó ń gbọn ìyẹ́. Lẹ́yìn náà irin ìrin-gàrí á gbà á, ṣáà-ṣáà, ṣáà-ṣáà, obìnrin mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu tí wọ́n sì kàn mọ́ pákó. Bí ọ̀kan bá yára, àwọn yòókù á yára tẹ̀lé e láìmọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti oko á máa rò pé òjò ló ṣú níwájú.

Lónìí, ẹ̀rọ kan ń ṣe iṣẹ́ àwọn mẹ́jọ yẹn kí èèyàn tó mu omi tutù tán. Mi ò bú u. Awọ ìka tí a fi sílẹ̀ lára páànù yẹn kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í kọrin, kì í sì í béèrè bóyá ọmọ rẹ sùn.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ìyá tó bí ọkọ mi ti kú kí n tó wọlé, ààyè rẹ̀ ní ẹbu ni wọ́n sì fún mi: ìjókòó kan níbi ìrin, àti àdìrò kan nínú àdìrò márùn-ún. Ẹ má fojú kéré ààyè yẹn. Obìnrin tí kò ní ààyè ní ẹbu, gbágùúdá oko ọkọ rẹ̀ á jẹrà sílẹ̀, tàbí kó máa tọrọ iná lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ayé. Ààyè náà kò ṣeé rà. Wọ́n máa ń fún èèyàn ni, wọ́n sì lè gbà á padà. Ẹni tó lè gbà á ni Ìyá Ẹbu, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ báni wí, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, débi pé gbogbo irin á dákẹ́ kí a lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Gàrí tiwa kò gba èérí. Ó gbọ́dọ̀ funfun, kó gbẹ, kó sì kan lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá mu ún á pa ojú kan dé. Nítorí náà, ìkòkò ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà ẹbu. Omi tí a fún lára gbágùúdá kíkan ló wà nínú rẹ̀, ó kan débi pé ó ń ta nímú. Kò sí ẹni tó ń wọlé láìfọwọ́. Ọṣẹ dúdú àti kànhìnkànhìn lákọ̀ọ́kọ́, a ó fi ha àtẹ́lẹwọ́ àti àárín ìka. Lẹ́yìn rẹ̀, omi odò. Lẹ́yìn ìyẹn, omi kíkan inú ìkòkò, torí àwọn àgbà gbà pé òun ló ń pa ìdọ̀tí tí ojú ò rí. A ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú Ìyá Ẹbu. Bí o bá jáde lọ fọ́mọ lọ́mú, wàá tún un ṣe. Bí o bá lọ kó igi sí àdìrò, wàá tún un ṣe. Mo kà á lọ́jọ́ kan, ó di ìgbà mẹ́rìnlá kí oòrùn tó yí. “Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.” Bí Ìyá Ẹbu ṣe máa ń kí wa káàárọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà nígbà náà tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́: ọwọ́ ẹbu. Bí obìnrin bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á le, á gbẹ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, á sì là wẹ́wẹ́ ní oríkèé ìka. Ìyẹn ni ọwọ́ ẹbu, ohun ìyìn sì ni. Bí àwọn ìyá bá ń wá ìyàwó fún ọmọ wọn, wọ́n á di ọwọ́ ọmọbìnrin mú bí ẹni ń kí i, wọ́n á sì fi àtàǹpàkò wá ibi tó là. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á ní, “Ọmọ yìí ò tíì bá wọn ṣe nǹkan kan.” Tèmi rọ̀ bí ẹ̀kọ nígbà tí mo dé. Mùníra ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ìyàwó ilé tó kángun sí tiwa ni, ọdún kan náà la wọlé ọkọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tí a fi ń bó gbágùúdá lọ.

“Ìyàwó wa,” á ní, “gbé ọwọ́ yẹn kúrò nídìí ọpọ́n kí wọ́n má bàa yan án mọ́ gàrí. Ó funfun jù.”

Nítorí náà, lọ́dún kejì, nígbà tí àárín ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, tí awọ abẹ́ òrùka mi ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Inú mi dùn. Mo lọ fi han Ìyá Ẹbu bí ọmọdé tó lọ fi eyín tó yọ han ìyá rẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ó ti ń bọ̀,” ló wí. “Ẹbu ti ń mọ̀ ọ́.”

Mo bá túbọ̀ ń ha á. Ohun tí ẹlòmíràn ń fi kànhìnkànhìn fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń rẹ ọwọ́ sínú omi kíkan, mo ń kà á títí dé ogún kí n tó yọ ọ́, ó ń ta mí, mo sì ń rò pé títa yẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣé ẹ rí i, a kì í mọ̀ pé a ń ṣìnà nígbà tí gbogbo èèyàn tó wà lójú ọ̀nà bá ń kí wa kú iṣẹ́.

Kò pẹ́, nǹkan kéékèèké kan ń yọ lábẹ́ awọ ìka mi, bí ẹyin ẹja. Wọ́n ń yún mi débi pé mo ń fi ọwọ́ gbo ara igi àtíbàbà nígbà tí mo bá ń kọjá. Wọ́n bẹ́, omi ń jáde níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ là, kì í ṣe wẹ́wẹ́ mọ́. Ó là bí búrẹ́dì tí wọ́n fi ọwọ́ ya. Mo ń fi í pamọ́ sínú ìró. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, mo máa ń kúnlẹ̀ dípò kí n na ọwọ́, wọ́n á sì ní ọmọlúàbí ni mí.

Ọ̀sẹ̀ tí Iléyá ku díẹ̀ ni àṣírí tú. Àkókò yẹn, a kì í rójú, torí kò sí ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kì í ra gàrí sílẹ̀ de àlejò Ojúde Ọba. A ń rin, a ń kọrin. Èmi ń po gbágùúdá rírin nínú ọpọ́n ńlá, ìyẹ̀fun náà funfun bí òwú. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ìlà pupa kan nínú rẹ̀, tín-ín-rín, bí okùn òwú tí ẹnì kan jù síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé èèpo ni. Mo fẹ́ fi ìka yọ ọ́, ó tún gùn sí i.

Irin dákẹ́. Mo mọ̀ pé Ìyá Ẹbu ń sọ̀rọ̀.

“Ìyàwó,” ló wí, “yọ ọwọ́.”

Wọ́n da odindi ọpọ́n náà fún ewúrẹ́. Ó wo ọwọ́ mi, lójú àti lẹ́yìn, kò fọwọ́ kàn án lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí n máa lọ ilé. Ó ní tí ọdún Agẹmọ bá kọjá kí n padà wá, kí n gbé ọwọ́ sókè fún òun. Bí ó bá ti jinná, ẹbu ṣì mọ̀ mí. Bí kò bá jinná, òun á fi ààyè ìyá ọkọ mi fún ẹlòmíràn, torí òun ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ lọ́jà pé gàrí ẹbu òun ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí wọ́n bá lé yín níbi iṣẹ́ kan, ẹ lè lọ wá òmíràn. Èmi, ibo ni mo máa lọ? Kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n lé. Ìyá ọkọ mi, tí mi ò rí rí, ni mo rò pé wọ́n lé dìde nínú ibojì rẹ̀.

Gbogbo ilé di oníṣègùn. Wọ́n ní làpálàpá ni. Wọ́n gún ewé àsùnwọ̀n lé e, ó jó mi. Ẹnì kan ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀. Mo fún un sí i, mo rí ìràwọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹlòmíràn ní kẹrosíìnì. Ọkọ mi, tó jẹ́ onísùúrù, ń wò mí títí ó fi ní, “Ṣé ọwọ́ la fẹ́ wò sàn, àbí àtùpà la fẹ́ tàn?” Nígbà Iléyá, àwọn ará ilé gbé ẹran tèmi kalẹ̀ sórí ewé lọ́tọ̀. Wọn ò ṣe é ní ìkà. Ẹ̀rù kí ó má ràn wọ́n ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ewé yẹn wúwo ju ẹran orí rẹ̀ lọ.

Agẹmọ dé. Bí àwọn Agẹmọ bá ń gba ojú ọ̀nà kọjá lọ sí Ìmọ̀sàn, obìnrin kì í jáde, yálà onígbàgbọ́ ni tàbí mùsùlùmí. A ti ilẹ̀kùn, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ àti ariwo láti òkèèrè, ó ń súnmọ́, ó ń jìnnà, bí ohùn inú àlá. A kì í lọ odò. A kì í fọ aṣọ. Oúnjẹ tí àwọn ọkùnrin bá ti pọn omi rẹ̀ sílẹ̀ la ń jẹ. Mo jókòó lórí ẹní, mo gbé ọwọ́ mi sórí itan, mo fi òrí pa á torí kò sí ohun mìíràn nínú ilé. Ọjọ́ ń lọ, ó ń dà bíi pé ayé ti dúró níbì kan láti sinmi. Nígbà tí a máa fi ṣí ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi ti gbẹ. Pupa rẹ̀ ti lọ. Ojú lílà rẹ̀ ti ń pàdé.

Gbogbo wa ní Agẹmọ ló gbé e lọ. Ta ló máa jiyàn? Mo sáré lọ ẹbu, mo gbé ọwọ́ sókè, Ìyá Ẹbu mi orí, ó ní kí n wọlé. Ayọ̀ wá gbà mí lọ́kàn. Mo fi ọpẹ́ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú kànhìnkànhìn, mo rẹ ẹ́ sínú omi kíkan.

Kí ọjà ọrọọrún kan tó pé, àìsàn náà ti padà, ó sì mú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání.

Ìyá Ẹbu ní, “Ọjà mẹ́ta ni mo fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, má jẹ́ kí n tún sọ ọ́.”

Mùníra ló gbà mí nímọ̀ràn ilé ìwòsàn. Ó tẹ̀lé mi dé ọ̀nà mọ́tò, ó ní, “Bí wọ́n bá gé e, mú un padà wálé, a ṣì lè fi rin gàrí.” Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

Dókítà tí mo bá ní Ìjẹ̀bú-Òde, obìnrin ni, ọmọ ìlú wa ni, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó di ọwọ́ mi mú. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó di í mú. Láti bí oṣù mélòó kan, kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọkọ mi.

“Iṣẹ́ wo lo ń ṣe?”

“Gàrí ni, mà.”

“Mi ò bi ọ́ ní orúkọ iṣẹ́. Kí ni ọwọ́ yìí ń bá pàdé látìgbà tó o bá jí?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un. Èèpo, omi, ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn. Nígbà tí mo dé orí omi ìkòkò, ó gbé bírò sílẹ̀.

“Omi tí ẹ fún lára gbágùúdá kíkan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ń mú kí ọwọ́ mọ́.”

“Ìgbà mélòó lójúmọ́?”

Mo sọ fún un. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè.

“Ọmọ mi, wọ́n ti bó ọwọ́ rẹ pọ̀ mọ́ gbágùúdá.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní Ọlọ́run fi òróró díẹ̀ sára awọ, òun ni ògiri ilé. Omi ìgbà gbogbo, ọṣẹ tó le, híha àti omi kíkan ti wó ògiri náà, ohun tí kò yẹ kó wọlé ti wá ń wọlé, ìyẹn ló ń yún, tó ń wú, tó ń là. Ó bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ní ikọ́ fée tàbí ara yíyún. Mo ní ìyá tó bí mi, méjèèjì ni. Ó ní awọ àwọn kan tinrin láti inú ẹbí wá. Ohun tí awọ Mùníra á gbà, tèmi lè má gbà á. Ó ha awọ díẹ̀ láti fi wò bóyá làpálàpá ni. Kì í ṣe làpálàpá.

“Ṣé ó ń ràn, mà?”

“Kò ràn. Fi ọwọ́ yìí pa ọkọ rẹ lẹ́yìn láti òní títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní mú un. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yín jàre níbì kan. Ọwọ́ tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú oúnjẹ. Kó kọ́kọ́ gbẹ.”

Ó fún mi ní ìpara nínú túbù, ó ní kí n fi fẹ́ẹ́rẹ́ pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, iye ọjọ́ tí òun kọ sílẹ̀ nìkan, kí n má fi kún un, kí n má fi pa ojú, kí n má sì yá ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n bọ́ òrùka sílẹ̀ kí n tó fọwọ́, torí ọṣẹ máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn, kí n nu àárín ìka gbẹ, kí n sì fi òrí pa á kí ó tó gbẹ tán pátápátá, ní gbogbo ìgbà tí mo bá fọ̀ ọ́. Bí mo bá máa bọ ọwọ́ sínú omi, kí n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ìbọ̀wọ́ òwú wà nínú rẹ̀, kí òógùn má bàa rẹ ọwọ́ sínú. Bí ó bá wú, tó gbóná, tó ń ṣe ọyún, kí n má jókòó sílé. Ó wá ní, “Bí ó bá lọ, má sọ pé ó ti kú. Ó ń sùn ni. Má jí i.”

Bí mo ṣe ń bọ̀ nínú mọ́tò, mo ń wo igi tó ń sá sẹ́yìn, mo ń ronú pé báwo ni mo ṣe máa sọ fún Ìyá Ẹbu pé mi ò ní fọwọ́ nínú ìkòkò rẹ̀ mọ́.

Mo sọ ọ́. Ẹ̀rín bú nínú àtíbàbà. Ìyàwó kan ní àwọn dókítà ti ní kí n máa fi ìdọ̀tí ṣe gàrí. Òmíràn ní kí n kúkú máa fi ẹsẹ̀ po ó. Ìyá Ẹbu kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń wo odò.

“Nígbà Agẹmọ,” ó ní, ohùn rẹ̀ sísàlẹ̀, irin sì dákẹ́, “ta ló ń pọn omi nílé yín?”

“Ọkọ mi ni, mà.”

“Ta ló ń fọ abọ́?”

“Kò sí ẹni tó fọ̀ ọ́, mà. A kó o jọ.”

“O fọ aṣọ?”

“Rárá, mà.”

Ó tún wo odò. “Agẹmọ ò gbé nǹkan kan lọ nígbà náà,” ló wí. “Omi ló gbà lọ́wọ́ rẹ.”

Ṣùgbọ́n ẹbu kò lè ní obìnrin tí kì í fọwọ́. Ìyẹn náà dá a lójú. Bí mo bá jókòó nídìí ìrin, mo gbọ́dọ̀ fọ̀. Bí mo bá fọ̀, mo gbọ́dọ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí ojú rẹ̀. Mùníra ló là á.

“Ẹ gbé e sídìí iná, Ìyá,” ló wí. “Èéfín ń fọ́ mi lójú tẹ́lẹ̀. Kó máa jọ̀ ọ́, kó máa yan án, tèmi àti tirẹ̀. Èmi á máa bá a bó o, mà á máa bá a rin ín. Ọwọ́ tèmi, bí ọwọ́ ọ̀nì ni, kò sóhun tó ń ṣe é.”

“O ò ní sọ lọ́la pé iṣẹ́ pọ̀ fún ọ?”

“Mà á sọ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n mà á máa ṣe é lọ.”

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Wọ́n fi mí sílé títí ọwọ́ mi fi gbẹ, kò sì tíì pé ọjà mẹ́ta tí mo fi gbé e sókè fún Ìyá Ẹbu. Láti ọjọ́ náà, mo kúrò nínú omi. Gbágùúdá tí wọ́n ti fi òkúta tẹ̀ gbẹ nínú àpò ni wọ́n ń gbé fún mi, mo ń fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, ó ń bọ́ sílẹ̀ bí ìrì, lẹ́yìn náà mo ń fi igbá dà á yípo nínú agbada, wọ́ọ̀-wọ́ọ̀, wọ́ọ̀-wọ́ọ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo etí odò. Mo ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú omi odò àti ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lójú Ìyá Ẹbu, mo ń nù ún gbẹ, mo ń fi òrí pa á. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ṣì ń rẹ́rìn-ín fúngbà díẹ̀. Ẹ̀rín náà sú wọn.

Mi ò ní purọ́ pé kò padà mọ́. Ní ọjọ́ kan báyìí, ìkọ́kọrẹ́ ń wù mí, mo rin ewùrà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, bí ẹni tó fi igi tọ́ oyin. Mo jìyà ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà ọyẹ́ náà, ó máa ń la ojú kan. Mo kọ́ láti máa bá a gbé bí èèyàn ṣe ń bá aládùúgbò oníjàgídíjàgan gbé: mo mọ ohun tó ń bí i nínú, mi ò sì í ṣe é lójú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti rántí ni ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀, tí iná kò jó dáadáa, tí a kàn jókòó. Mo ṣí igbá òrí mi, mo ń pa ọwọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ yá iná. Ó ní, “Fi díẹ̀ síbí.” Ọwọ́ ẹbu ńlá ni tirẹ̀, èyí tí a ń yìn. Òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Nígbà tó yá, Ìyá Ẹbu náà na tirẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ là dé egungun, lílà ogójì ọdún. Mo di í mú, mo ń fi àtàǹpàkò pa á wọ inú lílà náà díẹ̀díẹ̀.

“Ó ti ń yún yín látìgbà wo, mà?”

“Látìgbà àkọ́bí mi,” ló wí. “Mo rò pé bí iṣẹ́ ṣe ń rí nìyẹn.”

Òjò ń rọ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ. Láti ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó gbé omi kíkan sínú ìkòkò ẹnu ọ̀nà mọ́. Kò sí ẹni tó pàṣẹ. Ìkòkò náà gbẹ, adìyẹ yé sínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé Ìmùṣin, tí Ìyá Ẹbu sì ti darúgbó tí kò lè wá mọ́, ẹbu ń dínkù bí oṣùpá. Nígbà tó kú, a pín ohun tó wà níbẹ̀. Agbada ńlá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìbẹ̀fún; mo gbọ́ pé ata ni wọ́n ń gbìn sínú rẹ̀. Àwọn páànù ìrin, olúkúlùkù mú tirẹ̀, wọ́n ti dípẹtà. Mùníra ni wọ́n fi jẹ Ìyá Ẹbu nígbà tí ẹbu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ní oyè tí kò ní iṣẹ́ ló dùn jù. Èmi jókòó nídìí àdìrò ìyá ọkọ mi títí di ọjọ́ tí a pa iná ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ilé alájà méjì ló wà lórí àdìrò náà báyìí. Odò ti gbẹ, ipa rẹ̀ ló kù.

Nínú dede ohun tí ẹbu ní, bí a ṣe ń wí nílé, kò sí ohun tó kù láìbàjẹ́ àfi awọ yìí. Ìyá mi ló fún mi. Mo fún ìyá yín, tí ọṣẹ ìfọṣọ máa ń bá jà títí dòní. Ìwọ tó o wà ní Ìjàgun, tó o ń kàwé láàárọ̀ tó o ń fọ orí fún àwọn oníbàárà lọ́sàn-án, mo rí ọ lánàá nígbà tó o gbé oúnjẹ fún mi, tó o fi gèlè bo ọwọ́. Mo gbọ́ pé o ti ra ìpara àdàlù kan lọ́jà, tó ń mú un funfun. Má fi pa á mọ́. Dókítà awọ wà, a ó jọ lọ. Mi ò ní agbada fún ọ, mi ò ní ilẹ̀ ẹbu. Awọ yìí ni ohun tí o jogún.

Gbé ọwọ́ náà wá.